Ẹ̀wù Funfun fún Ọ̀gá Kékeré

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àmúmọ́ra mi. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín, torí ẹ ti kọ lẹ́tà méjì sí mi tí n kò dá ọ̀kankan lóhùn. Kì í ṣe àfojúdi. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ ìfọṣọ ni, mo sì fẹ́ kí ara mi balẹ̀ níbi tuntun kí n tó sọ ọ́, kí ẹ má baà ní ọmọ yín kò lè dúró sójú kan.

Ilé ìyá arúgbó kan ni mo wà báyìí. Màmá Àgbà ni mò ń pè é. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé náà, ní ìkángun ìlú, níbi tí ọ̀dà títì ti parí tí pápá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un ní oògùn, tí mò ń se oúnjẹ, tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ dókítà eyín ní àárín ìlú, ló gbà mí síṣẹ́. Sátidé Sátidé ló máa ń wá. Wọ́n ní ojú Màmá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo igun ilé rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń bá mi jà lórí iyọ̀.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, Màámi, ajá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ajá kékeré kan ni, funfun báláú, tí kò wúwo tó àgbébọ̀ yín kan. Ó ní orúkọ tí ahọ́n mi kò gbà, nítorí náà Ọ̀gá Kékeré ni mo sọ ọ́, torí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ jù mí lọ. Màmá Àgbà kì í jẹun bí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ajá mìíràn ti wà kí eléyìí tó dé. Ẹyẹ ló gbé e. Ẹyẹ kan tó jọ àṣá, ṣùgbọ́n tó tóbi ju àṣá tí mo mọ̀ lọ, ló já wá sínú àgbàlá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí obìnrin tó ṣiṣẹ́ níbí ṣáájú mi ń sá aṣọ. Ó ní òun kò kọ ẹ̀yìn sí i ju ìṣẹ́jú kan lọ. Màmá Àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù kan gbáko, kò jẹ, kò mu. Wọ́n dá obìnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹyẹ náà ṣì wà ládùúgbò yìí. Mo ti rí i.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Dókítà Eyín pè mí sí kíṣìnnì, ó ní bí ìyá òun àti ajá yìí bá wà ní àlàáfíà títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, òun yóò fún mi ní ìsinmi oṣù mẹ́ta kí n wá rí yín nílé, iṣẹ́ mi á sì máa dúró dè mí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lókè òkun yìí, Màámi. Gbogbo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí o bá lọ, o ti lọ nìyẹn. Àtìgbà náà ni mo ti ń lálàá ẹnu ọ̀nà yín.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń ránṣọ níwájú ilé, tí ẹ ń sin adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ àṣá. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le, kò sí wàhálà. Ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń jẹun? Mo dúpẹ́ pé o rántí pé o ní ìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá ló rán ọ létí.

Jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná, n óò dákẹ́. Oṣù márùn-ún ni n kò fi gbúròó rẹ. Nígbà tí ìwé dé, mo ní bóyá ọkọ ni, bóyá àìsàn ni. Mo ṣí i, ajá ni. Ẹni tó bímọ, tí ọmọ náà wá lọ sí òkèèrè lọ ń wẹ ìyá ẹlòmíì, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì, kí ló fẹ́ sọ? Ta ló ń tẹ́ tèmi? Ó tó. Mo ti bínú tán.

Nígbà tí mo ka ibi oṣù mẹ́ta yẹn, mo jókòó. Mo gbé ìwé náà lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo tún un kà kó lè dá mi lójú. Ajá yẹn kò gbọdọ̀ kú. Ṣé o gbọ́ mi? Bí mo ṣe jókòó yìí, ajá tí n kò rí rí ni mò ń gbàdúrà fún.

Gbọ́ bí àṣá ṣe ń ṣe. Kì í ṣe adìyẹ ló ń ṣọ́, ìwọ ni. Ó ti mọ ìgbà tí o máa ń jáde àti ìgbà tí o máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ibi ìjókòó rẹ̀ kan, òpó tàbí igi tó ti gbẹ, níbi tí ewé kò ti ní dí i lójú. Wá ibẹ̀ rí, kí o sì máa kọ́kọ́ wò ó kí o tó ṣílẹ̀kùn. Má ṣe jẹ́ kí ajá náà dá jáde, kódà kó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ tọ̀ ni. Abẹ́ igi ni kó máa gbà, kó má gba àárín koríko. Na okùn káàkiri orí àgbàlá láti ògiri dé ògiri, so ìdérí agolo tó ń dán mọ́ ọn, kí ẹyẹ náà má lè rí àyè já wálẹ̀ tààrà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o kùn ún. O rántí pé bí òròmọdìyẹ mi bá ti pa, mo máa ń rẹ wọ́n sínú àwọ̀, pupa tàbí bí ewé, kí n tó tú wọn sílẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n tiwọn ni àṣá ń gbé. Ohun funfun tó wà lórí koríko, àṣá ti rí i láti òkè lọ́hùn-ún. Èyí tó bá pupa, kò mọ ohun tó jẹ́, á kọjá lọ. Kùn ún, kí o sì kọ̀wé sí mi kíákíá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Màámi,

Mo kí yín, mo kí àwọn adìyẹ yín. Kí ló dé tí ẹ fi ń kọ̀wé gàdàgbà-gàdàgbà báyìí, ìlà mẹ́wàá péré lójú ìwé kan? Ṣé ẹ rò pé mo ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàwàdà yẹn ná, torí ìyókù lẹ́tà yìí kò dùn.

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ṣe. Mo rí ìjókòó rẹ̀, orí òpó iná tó wà lẹ́yìn ọgbà ni. Bí oòrùn bá ti kọjá orí òrùlé ló máa ń dé, á yí ọrùn, á sì máa wò mí lóòótọ́ bí ẹ ṣe wí. Mo na okùn, mo so ìdérí agolo mọ́ ọn. Dókítà Eyín ní mo ti sọ àgbàlá ìyá òun di àkìtàn, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Kíkùn yẹn nìkan ni mò ń fà sẹ́yìn lé lórí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo wo òpó, ẹyẹ kò sí níbẹ̀, mo mú Ọ̀gá Kékeré jáde. Kò pẹ́ tí òjìji kan fi gba orí koríko kọjá. Ajá náà tọ̀ sára, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ṣubú lé e. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ apá ẹyẹ náà létí mi. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti wà lórí òpó, ó ń wò mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kùn ún. Àwọ̀ tí wọ́n ń fi sínú kéèkì ni mo lò, kó má baà ṣe é ní nǹkan. Ó pupa láti imú dé ìrù.

N kò mọ̀, Màámi. Ojú Màmá Àgbà burú ju bí wọ́n ṣe sọ fún mi lọ. Kì í rí ojú mi. Kì í rí ṣíbí. Ohun funfun nìkan ló kù tó ń rí, bó bá wà lórí ohun tó ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwo funfun ló fi ń jẹun lórí tábìlì dúdú, tó sì ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ igi sí gbogbo yàrá, kí ajá náà lè máa hàn lórí rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ bó ṣe tó fún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń pe ajá. Ajá dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí ohun ṣíṣú kan tó ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó rò pé eku ni, ó fi ọ̀pá gbá a. Igbe tí ajá náà ké ló fi mọ̀ ọ́n.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e sáyà, ó ń sunkún. Ó bi mí pé, "Níbo lo gbé e lọ? Mò ń wò, n kò rí i."

Dókítà Eyín dé ní Sátidé. Ó wo ajá, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní kí n má retí ìsinmi kankan mọ́, kí n máa dúpẹ́ pé òun kò dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti wẹ ajá náà lẹ́ẹ̀mẹjọ. Etí rẹ̀ ṣì pupa díẹ̀.

N kò ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ni mo tẹ̀ lé, ibẹ̀ sì ni mo ti pàdánù ilé.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo jẹ̀bi. Mo fi í ṣáájú torí o mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi láti sọ. Adìyẹ kò ní ẹni tó ń wá a kiri inú ilé, n kò ro ti ẹni tó ni ajá mọ́ ọn. Bá mi bẹ ìyá náà. Sọ fún un pé n kò mọ̀ ni.

Mò ń kọ̀wé gàdàgbà torí pé bí mo bá kọ ọ́ wẹ́wẹ́, o kì í gbọ́.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ojú ìyá yẹn, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ ni, àbí àárín? Ṣé iná máa ń ní òrùka yí ká lójú rẹ̀? Ọdún mélòó ló gbà kó tó wá ku ohun funfun nìkan? Kí ni àwọn oníṣègùn sọ, ṣé wọ́n lè ṣe nǹkan sí i, àbí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe? Fara balẹ̀ bi í, kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Aládùúgbò wa kan ló ń ṣe irú rẹ̀.

Ní ti ajá, a kò tíì pàdánù ilé. Oṣù kẹsàn-án ṣì jìnnà. Ẹni tó bínú ní Sátidé kan lè yọ́nú ní Sátidé mìíràn, bí ajá bá ṣì wà láàyè. Ẹ̀wù ni mo máa rán fún un. Ó yẹ kí n ti rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi tí mo rán aṣọ fún ìdajì àdúgbò yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ tó nípọn, ìlọ́po mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ á ga, ẹ̀yìn rẹ̀ á le, kí èékánná ẹyẹ má baà tètè kan ara. Funfun ni mo máa lò, kí ìyá yẹn lè máa rí i. Fi téèpù wọn ajá náà bí mo ṣe kọ́ ọ: ọrùn, àyà, ẹ̀yìn, àti àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Má fojú díwọ̀n o.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Lẹ́tà yín mú kí n tijú nítorí bí mo ṣe kọ ti ìṣáájú. Ẹ má bínú.

Ọrùn, ínṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Àyà, ínṣì mẹ́tàlá. Ẹ̀yìn, láti ọrùn dé ìdí ìrù, ínṣì mẹ́wàá. Àárín ẹsẹ̀ iwájú, ínṣì mẹ́ta. Ó ń jẹ téèpù náà nígbà tí mò ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ kún un. Màmá Àgbà gbọ́ pé ẹ fẹ́ ránṣọ fún ajá, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo kun ajá náà. Ó ní, "Èmi gan-an kò ní télọ̀ tèmi lókè òkun."

Mo bi í nípa ojú rẹ̀. Mo rò pé á bínú, ṣùgbọ́n ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n kí n jókòó. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, bíi pé ẹnìkan ń rọra fa kọ́tìnnì. Ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Bó bá ń bu omi, ẹ̀yìn ife ló ń dà á sí. Gbogbo iná ní òrùka. Ọdún mẹ́ta ló fi pa á mọ́ra, torí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eyín nígbà náà, kò sì fẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó ti òun. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní èyí tó ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n ká ní ó ti tètè wá ni, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá ti di èyí tó kù mú. Ó ní kí n sọ fún aládùúgbò yín pé kó má ṣe ohun tí òun ṣe. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dì mí lọ́wọ́ mú.

Aládùúgbò wo ni, Màámi? Ṣé akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni, tó ń gbé òdìkejì yín?

Dókítà Eyín kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, okùn kan já bọ́ ní àgbàlá, òun fúnra rẹ̀ ló gun àga tó tún un so.

Mò ń retí ẹ̀wù yín. Mò ń retí lẹ́tà yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé lẹ́tà mi kò dé ni, àbí ara yín kò yá? Ṣé mo tún ti sọ ohun tó dùn yín ni? Mo pe nọ́ńbà yín, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Àwa wà dáadáa. Ẹyẹ náà wà lórí òpó lójoojúmọ́. N kò bìkítà nípa ẹ̀wù mọ́. Bó jẹ́ ìlà kan péré ni, ẹ kọ ọ́ sí mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ̀wù náà ti dé. Ọjọ́ Tọ́sìdé ló dé, láìsí lẹ́tà nínú rẹ̀.

Mo tú u, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ rántí pé mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí mo rán ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí kan tó wọ́, tí ẹ fi abẹ tú gbogbo rẹ̀ lójú mi, tí ẹ ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yín. Ẹ̀wù tó dé yìí, ojú rírán rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń padà sósì. Níbì kan, ó kúrò lórí aṣọ pátápátá kó tó padà. Ẹ ti rán ihò ẹsẹ̀ kan pa. Abẹ́rẹ́ kan ṣì wà nínú ọrùn rẹ̀ níbi tí ẹ gbàgbé rẹ̀ sí. Mo tú ihò ẹsẹ̀ yẹn, mo yọ abẹ́rẹ́, n kò fọwọ́ kan ìyókù. Mi ò lè tú iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ọ̀gá Kékeré wọ̀ ọ́. Màmá Àgbà ń rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ibi tẹlifíṣọ̀n, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dé. Ó ní ajá òun ti sanra.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹyẹ náà dé. Mo ti wo òpó, kò sí níbẹ̀, ni mo bá mú Ọ̀gá Kékeré jáde sí àgbàlá. Orí òrùlé wa gan-an ló bà sí, lẹ́yìn mi. Màmá Àgbà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹyẹ náà gba abẹ́ okùn wọ àgbàlá, ó ki èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, ó sì gbé e. Màámi, ó gbé e. Ẹsẹ̀ ajá náà kúrò nílẹ̀. Ó gbé e dé ibi tí ọwọ́ mi kò tó mọ́. Ìgbà náà ni òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń tú. Ẹ̀gbẹ́ kan la láti ọrùn dé ìdí, ajá náà yọ̀ jáde nínú rẹ̀, ó jábọ́ sórí koríko. Ẹyẹ náà gbé ẹ̀wù lásán kọjá òpó iná, ó lọ.

Ẹsẹ̀ kan rọ́ díẹ̀, èékánná kan sì ha èjìká rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń jẹun.

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ká ní aṣọ tí ẹ máa ń rán tẹ́lẹ̀ ni, tí òwú rẹ̀ kì í tú, ajá náà ì bá ti bá ẹyẹ lọ. Mò ń dúpẹ́ nítorí pé ẹ̀wù náà wọ́, mo sì ń sunkún nítorí pé ó wọ́, torí mo ti wá mọ̀. Ìwé gàdàgbà yẹn. Fèrèsé tí ẹ gbé lẹ́tà mi lọ bá. Gbogbo ìbéèrè yẹn nípa ojú ìyá ẹlòmíì. Kò sí aládùúgbò kankan. Ẹ̀yin ni. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Mo sọ fún Màmá Àgbà, torí ó gbọ́ tí mò ń sunkún ní kíṣìnnì. Nírọ̀lẹ́, tí Dókítà Eyín sáré dé nítorí ajá, Màmá Àgbà ní kó jókòó. Ó ní, "Ìwọ dé nígbà tó ti ku ohun funfun nìkan fún mi. Jẹ́ kí eléyìí lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń rí ojú èèyàn." Dókítà Eyín lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọwọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Nígbà tó padà, ó ní òun á kó ìyá òun àti ajá lọ sí ilé òun láàárín ìlú ní ìparí oṣù kẹsàn-án, níbi tí kò ti sí àgbàlá, kí n lọ fún oṣù mẹ́ta, kí n sì padà síṣẹ́ mi. Ó ní kí n bá òun kí yín.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ni màá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè mí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, kí akọ̀wé kóòtù mú yín lọ. Bí ẹ kò bá lọ, màá bínú, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bínú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Ọwọ́ tó kọ ìwé yìí kì í ṣe tèmi, akọ̀wé kóòtù ni. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ gan-an, kó má fi òfin kankan há a láàárín. (Èmi akọ̀wé náà kí ọ o. Ìyá rẹ ní kí n pa gbólóhùn yìí rẹ́, n kò ní pa á rẹ́.)

Òun ló ka tìrẹ fún mi. Nígbà tó dé ibi tí ẹyẹ ti gbé ajá, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi ná. Díẹ̀ ló kù kí n la ife mọ́ ọn lórí.

Òótọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ojú òsì ló kọ́kọ́ ṣe mí. Mo ní máṣíìnì ni, mo ní iná ni, mo ní òwú ayé ìsinsìnyí kò dára. Adìyẹ mi ti ku mẹ́rin. Àṣá ń wá, n kò rí i mọ́, ariwo wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti gbé ọ̀kan lọ. Èmi yìí náà ni mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àṣá. N kò sọ fún ọ torí n kò fẹ́ kí o sá wálé wá jókòó tì mí, kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì tì mọ́ ọ lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí o wá bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀, kí n sì rí ọ kó tó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dààmú lórí ajá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rán ẹ̀wù yẹn. Ìka ni mo fi ń wá ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó wọ́, n kò kàn mọ bó ṣe wọ́ tó. N kò fi lẹ́tà sí i torí n kò rí ìlà mọ́, ojú sì ń tì mí láti bẹ ẹlòmíì. Bí fóònù bá ń dún, mo máa ń jókòó tì í, n kò gbé e, kí ohùn mi má baà tú mi fó. O wá ní o dúpẹ́ pé ó tú. Fún ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí pé aṣọ mi tú. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo sunkún díẹ̀, akọ̀wé sì bá mi sun ún.

A ti lọ sí ilé ìwòsàn. Òsì ti lọ, kò ní padà. Ọ̀tún ṣì ku díẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn tí mò ń kán sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ní bí n kò bá gbàgbé, ó lè dúró bó ṣe wà. N kò tíì gbàgbé. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn. Sọ fún un pé a kò mọ ara wa, ṣùgbọ́n òun ló bá mi gba èyí tó kù yìí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹwàá, màá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Bí o bá súnmọ́ mi, tí mo di ojú rẹ mú lọ́wọ́ méjèèjì, màá rí i, ìyẹn ṣì ṣeé ṣe. Láti òkèèrè ni n kò ní mọ̀ ọ́, torí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ṣú lójú mi. Má ra nǹkan kan bọ̀ fún mi. Wọ aṣọ funfun, kí n lè máa rí ọ bí o ṣe ń bọ̀.

Ìyá rẹ.